Àtẹ̀gùn Tí Bàbá Mi Kọ́ Sẹ́yìnkùlé

Nígbà tí mo gbé ìwé aláwòrán náà síwájú bàbá mi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Yanrìn kẹ̀?"

Mo ní, "Bàbá, etí òkun ni. Ẹ wo omi bó ṣe ń dán."

"Mo rí omi. Ọ̀rọ̀ yanrìn ni mò ń bi ọ́. Ọdún méjìlélógójì ni mo fi ru yanrìn. Mo jọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì, mo gbọ̀n ọ́n kúrò nínú bàtà, mo wa á jáde nínú etí. Mo wá fẹ̀yìn tì tán, ẹ̀yin ọmọ mi ń ṣètò kí n lọ jókòó lé e lórí?"

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ojú wọn fi jábọ́. "Ẹ fi bàbá yín sílẹ̀ o jàre," wọ́n ní. "Èmi á lọ. Ẹ ṣáà gbé àga kan kalẹ̀ fún mi létí omi, kí n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí la fẹ́ jẹ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Birikìlà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe tó ń wa ọkọ̀ ńlá kiri, tó ń na ìka sí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Birikìlà gan-an ni wọ́n, ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù lórí ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Tààrà làwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè wọ́n, nítorí tí wọ́n bá ti to ìlà búlọ́ọ̀kù kan tán, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á fi èkejì wo ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á ní, "Tààrà!" Tí kò bá sì tọ́, wọ́n á wó o. Mo rí i lójú ara mi níjọ́ tí wọ́n wó iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan nítorí àṣìṣe tí kò ju ìbú ìka kan lọ. Ẹni tó ni ilé ń bẹ̀ wọ́n pé kò burú, pé ojú òun ò tiẹ̀ rí nǹkan kan. Bàbá mi ní, "Ojú tèmi rí i." Wọ́n tún ní, "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri tèmi kì í lanu."

Àwọn ilé tí wọ́n kọ́ pọ̀ nílùú yìí ju eyín ẹnu mi lọ. Orúkọ onílé wà lára géètì, orúkọ ẹnjiníà wà lára pátákó. Orúkọ Tààrà ò sí níbì kankan.

Èmi ni àbíkẹ́yìn wọn. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àwọn aláìsàn sí. Bọ̀dá mi, tí í ṣe àkọ́bí, jẹ́ ọ̀gá nílé-iṣẹ́ omi. Wọ́n ní ikùn, wọ́n sì ní ìmọ̀ràn fún gbogbo ayé. Àwa méjèèjì la jọ pinnu pé a ó mú àwọn òbí wa lọ sí etí òkun kan tó jìnnà, níbi tí oòrùn ti ń mú yípo ọdún, kí wọ́n lọ lo ọjọ́ mẹ́fà gbáko níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, wọn ò lọ sinmi níbì kankan rí. Ibi yòówù tí bàbá mi bá rìnrìn àjò lọ, ògiri ló pè wọ́n.

Ojú ìwé kẹrin ló yí ọ̀rọ̀ padà. Bàbá mi ń ṣí ìwé aláwòrán náà bí ẹni tó ń lé eṣinṣin: àwòrán òkun, wọ́n ṣí i, àwòrán yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ṣí i. Lójijì ni ọwọ́ wọn dúró.

Àwòrán àlàpà ni. Ìlú àtijọ́ kan wà lórí òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun náà, ìlú tí àwọn tó kọ́ ọ ti kú láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Òrùlé ti lọ, ilẹ̀kùn ti lọ, igi ti hù níbi tí àwọn èèyàn ń sùn. Ṣùgbọ́n ògiri gíga kan ṣì dúró lókè pátápátá, àtẹ̀gùn olókùúta sì lọ láti ìsàlẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá wọn," bàbá mi pe màmá mi, "bá mi wá gíláàsì mi."

Wọ́n gbé gíláàsì wọ̀. Wọ́n fi ìka tọ ìlà òkúta náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n di ojú kan.

"Kò sí sìmẹ́ńtì nígbà yẹn?"

"Kò sí, Bàbá."

"Kò sí irin?"

"Kò sí."

"Ó tààrà," wọ́n ní, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀. "Ẹgbẹ̀rún ọdún, ó ṣì tààrà. Àbí àwòrán ló ń tàn mí? Ta ló kọ́ ọ?"

Mo ka ohun tó wà lábẹ́ àwòrán. "Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n."

"Irọ́ ni. Ìyàwó ẹ̀ mọ̀ ọ́n." Wọ́n pa ìwé náà dé. "Mo máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé àga kankan sórí yanrìn dè mí. Ògiri yẹn ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn."

Inú mi dùn. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Mi ò mọ̀ pé ìpìlẹ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà láàárín àwọn fáìlì mi nígbà tí fóònù dún. Ọmọbìnrin tó wà ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò náà ni. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bàbá kan wà níwájú mi níbí. Wọ́n ní àwọn ni bàbá yín. Wọ́n ń béèrè bí àtẹ̀gùn ṣe ga tó."

Mo sáré lọ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ọ́fíìsì kékeré ni, ó ní fáànù kan tó ń ṣe wàrà-wàrà lókè, ọkọ̀ òfurufú oníke kan sì wà lórí tábìlì. Bàbá mi jókòó níwájú ọmọbìnrin náà pẹ̀lú téèpù ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ti wọn tábìlì ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúró dè mí, wọ́n sì ti sọ fún un pé ẹsẹ̀ kan kúrú.

"Bàbá, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni àtẹ̀gùn náà," ọmọbìnrin náà ń sọ. "Ohun tó wà nínú ìwé wa nìyẹn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó, mi ò mọ̀."

"O wá ń ta àtẹ̀gùn tí o ò mọ bó ṣe ga tó?"

"Ìsinmi ni mò ń tà, Bàbá."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ mo mú un mọ́ra. Ọmọbìnrin náà wá ṣí ìwé míì, ojú ẹ̀ sì yí padà. Ó bi bàbá mi pé ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n. Wọ́n ní ọdún méjìléláàádọ́rin. Ó wá fi sùúrù ṣàlàyé pé ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kì í jẹ́ kó gun òkè náà àyàfi tí dókítà bá kọ̀wé pé ẹsẹ̀ ẹ̀ gbà á, kí ìwé náà sì ti dé ọwọ́ wọn ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò. Ẹni tí kò bá ní ìwé, etí omi ló máa dúró sí.

Bàbá mi rọra ká téèpù wọn. Àwa méjèèjì la mọ̀ pé orúnkún wọn ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Lọ́jọ́ Sunday, bọ̀dá mi wá sílé, mo sì ròyìn fún wọn. Kíá ni wọ́n ti dá ẹjọ́. "Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń di ògiri mú kí ẹ tó dé balùwẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi yín sábẹ́ agbòòrùn, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí yín. Èmi á gùn ún, màá ya fọ́tò ẹ̀ wá fún yín."

"Ògiri tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ni mò ń dì mú," bàbá mi dá wọn lóhùn. "Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Fọ́tò ti wà nínú ìwé. Ìròyìn ò tó àfojúbà."

"Tí dókítà bá ní rárá ńkọ́?"

"Tó bá ní rárá, mo gbà. Màá jókòó sórí yanrìn bí ọmọ ọwọ́." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀wọ̀n ni.

Ilé ìwòsàn tèmi la mú wọn lọ. Dókítà náà, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tẹ orúnkún wọn, ó nà án, ó ká a, ó fetí sí i. "Bàbá, mi ò lè kọ̀wé yìí lónìí," ó ní. "Ìjókòó ti mú kí iṣan ẹsẹ̀ yín dẹ̀. Ẹ máa gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀ nílé. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ padà wá. Tí ẹ bá gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn yìí láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìdúró, màá kọ ọ́ fún yín."

Mo ní, "Dókítà, ilé wa ò ní àtẹ̀gùn. Ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ́ ni."

Bàbá mi wò mí. Mo mọ ìwò yẹn. Bí wọ́n ṣe ń wo ilẹ̀ òfìfo nìyẹn.

Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, búlọ́ọ̀kù ti wà lẹ́yìnkùlé. Bàbá mi jókòó sórí àpótí, wọ́n fi pẹ́ńsùlù há etí, àwòrán àlàpà náà wà lórí itan wọn. "Ìlà òkúta méjì ló wà nínú àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan," wọ́n ní. "Ìlà kan, íǹṣì mẹ́sàn-án. Méjì, íǹṣì méjìdínlógún."

"Ta ló ní íǹṣì mẹ́sàn-án ni, Bàbá?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó bi í bóyá omi tutù. "Búlọ́ọ̀kù ńkọ́? Íǹṣì mẹ́sàn-án ni búlọ́ọ̀kù."

"Àtẹ̀gùn tó ga tó àga ìjókòó?"

"Àwọn ará àtijọ́ lágbára."

Fáìlì ni mo mọ̀, mi ò mọ òkúta.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ọ. Wọn ò lè dúró pẹ́ mọ́, nítorí náà orí àpótí ni wọ́n ti ń to búlọ́ọ̀kù, tí màmá mi ń bá wọn po sìmẹ́ńtì, tí màmá sì ń bú wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mo ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú báàgì mi léjìká, mo sì dúró sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Àtẹ̀gùn mẹ́rin rèé, ó ga ju èmi gan-an lọ, ó tààrà bí orí tábìlì, kò sì lọ síbì kankan. Bàbá mi ń fi ọwọ́ dán ojú èyí tó kẹ́yìn. Aránṣọ tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà wa, opó kan tí ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ ẹ̀ lọ, yọ orí lókè ògiri. "Bàbá Tààrà, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Bàbá mi ò yíjú. "Òo! Ẹ ṣé o!"

Bí wọ́n ṣe máa ń dá gbogbo ayé lóhùn nìyẹn. Birikìlà tó wà lókè kì í yíjú, kó má bàa já bọ́. Ẹni tó bá kọjá lábẹ́ á kí i, á sì dáhùn, iṣẹ́ á máa lọ. Mo dúró síbẹ̀, mo fẹ́ kí wọn bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n mo wọlé lọ gbé báàgì mi kalẹ̀. Ó ti tó ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí mi ò ti kí wọn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ògiri kan ya nílé-ìwé wa, wọ́n sì pe birikìlà wá. Lásìkò eré, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ń kọjá lábẹ́ pákó tí birikìlà náà dúró lé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kí i bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nílé ṣe ń kí oníṣẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó ní, "Òo! Ẹ ṣé o!" Bàbá mi ni. Èmi ò kí wọn. Mo ti sọ ní kíláàsì pé bàbá mi ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Mo tẹjú mọ́lẹ̀, mo kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Bí mo ṣe gbójú sókè díẹ̀, mo rí i pé ọwọ́ wọn ti dúró lórí búlọ́ọ̀kù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Wọn ò bi mí ní nǹkan míì, wọn ò sì bi mí títí dòní. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára mi, mi ò sì ní parọ́ pé ó ti kúrò.

Ìyẹn nìyẹn. Ìdánrawò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àtẹ̀gùn mẹ́rin lọ́nà ẹ̀ẹ̀mẹrìnlélógún, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nìyẹn. Bàbá mi ti ṣírò ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kìíní, méjì péré ni wọ́n gùn tí wọ́n fi jókòó, òógùn bò wọ́n, màmá mi sì di ẹ̀yìn ẹ̀wù wọn mú. Bọ̀dá mi wá wò wọ́n, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Mo sọ ọ́." Inú bí mi débi pé mo kó tíì tí mo gbé fún wọn kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó mu ún tán.

Lọ́sẹ̀ kejì, bàbá mi dé òkè àtẹ̀gùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, orí wọn yọ sí àgbàlá aránṣọ.

"Hẹ̀n! Tààrà! Kí lẹ ń wò nínú ilé mi?"

"Mò ń rán ẹsẹ̀ mi nílé-ìwé ni."

"Kí ẹsẹ̀ yín kàwé, kí ojú yín má kà á o!"

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, òun ló ń bá wọn ka iye ìgbà. Èèyàn á gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, á dákẹ́ lójijì, aránṣọ á wá pariwo pé, "Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nìyẹn o! Mò ń kà á, ẹ má yàn mí jẹ!" Tí bàbá mi bá sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, á ní, "Ẹ rọra. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Èmi náà gun nǹkan náà wò lọ́jọ́ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré, mo wá àga. Bàbá mi ò ṣe mí yẹ̀yẹ́. Wọ́n kàn wo àga náà, wọ́n wo èmi náà, wọ́n sì tún gùn ún lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, aránṣọ pariwo pé, "Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlélógún!" ó sì pàtẹ́wọ́ débi tí ajá àdúgbò fi gbó.

Lọ́jọ́ tí a padà sọ́dọ̀ dókítà, gbogbo àwọn tí a jọ wà ní yàrá fáìlì ló jáde wá dúró létí àtẹ̀gùn. Mo ti ròyìn fún wọn, ẹ má dá mi lẹ́bi. Àjà mẹ́rin ni ilé ìwòsàn náà. Bàbá mi gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, wọ́n dúró, wọ́n bojú wẹ̀yìn. "Dókítà, ṣé èyí náà lẹ ń pè ní àtẹ̀gùn?" Wọ́n sì lọ. Dókítà ń tẹ̀ lé wọn, ó ń di aṣọ funfun ẹ̀ mú. Nígbà tí a dé òkè, òun ló kọ́kọ́ jókòó. Ó kọ ìwé náà lójú ẹsẹ̀, lórí itan ara ẹ̀.

Mo fi ìwé náà han bọ̀dá mi kí n tó fi í ránṣẹ́. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀, bóyá wọ́n kọ nǹkan míì síbẹ̀.

Èmi ni mo bá wọn di ẹrù. Màmá mi ra sálúbàtà tuntun, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ káàkiri pálọ̀ kí ẹsẹ̀ wọn lè mọ̀ ọ́n. Nínú ìbọ̀sẹ̀ bàbá mi, ọwọ́ mi ba nǹkan líle kan. Irin kékeré tó ṣe ṣóńṣó lẹ́nu ni, okùn wà lọ́rùn ẹ̀. Tí wọ́n bá fi í rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, okùn náà á sọ bóyá ògiri dúró ṣánṣán tàbí ó tẹ̀. Irin náà jù mí lọ lọ́jọ́ orí.

"Bàbá, ìsinmi la ń lọ."

"Mo mọ̀. Ṣé kò tó pé mi ò mú ṣọ́bìrì dání?"

Mo dá a padà sínú ìbọ̀sẹ̀.

Etí òkun náà rí bí wọ́n ṣe yà á. Màmá mi jókòó sórí àga wọn, omi ń wá, omi ń lọ lórí ẹsẹ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n ní ohunkóhun. Bàbá mi bu yanrìn díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi ìka họ ọ́, wọ́n fi ahọ́n tọ́ ọ wò. "Iyọ̀ wà nínú ẹ̀," wọ́n ní. "Ilé tí wọ́n bá fi èyí kọ́ á máa làágùn." Wọ́n dà á nù, wọn ò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, a fi màmá mi sílẹ̀ pẹ̀lú omi wọn, bàbá mi, bọ̀dá mi àti èmi sì lọ sí ẹsẹ̀ òkè náà láàárọ̀ kùtùkùtù. Àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wo ìwé dókítà, wọ́n fàmì sórúkọ bàbá mi. A yí igun kan, a dé ibi tí àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí i. Òkúta pẹlẹbẹ ni, kò nípọn ju ìka mẹ́rin lọ. Wọ́n gbé méjì léra wọn, àtẹ̀gùn kan nìyẹn. Kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ mi lọ. Gbogbo rẹ̀ lọ sókè bẹ́ẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àtẹ̀gùn tí ìyá arúgbó lè gbé omi gùn.

"Ta ló ṣe mí báyìí?" bàbá mi béèrè.

"Ẹ̀yin fúnra yín ni, Bàbá," mo ní. "Búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì mẹ́sàn-án."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo òkúta, ẹ̀rín sì já lẹ́nu wọn. Wọ́n rín in títí wọ́n fi di èjìká mi mú. "Ojú búlọ́ọ̀kù ni mo fi wo òkúta," wọ́n ní. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ! Opó yẹn ò gbọ́dọ̀ gbọ́ o."

Wọ́n wá gùn ún. Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n gùn ún bí ẹni tó ń lọ pe ẹnìkan lójúde. Àwọn ọ̀dọ́ tó wọ bàtà eré ń yà fún wọn. Mo ń tẹ̀ lé wọn tipátipá. Bọ̀dá mi dúró ní àtẹ̀gùn ọgbọ̀n, wọ́n dúró ní ogójì, nígbà tó di ọgọ́ta, wọ́n jókòó, wọ́n ní ká máa lọ, pé àwọn fẹ́ wo òkun díẹ̀. Bàbá mi bojú wo ìsàlẹ̀. "Ṣé kí n wá dì ọ́ mú? Mi ò kọ́ ògiri síbẹ̀ yẹn o!"

Lókè, afinimọ̀nà kan tó dé fìlà ewé ń bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀. Ó ní ọba kan ló kọ́ ògiri náà, ó sì ń ka ogun tí ọba náà jà. Bàbá mi gbọ́ ọ títí, wọ́n wá ní, "Ọba yẹn, ṣé òun ló gbé òkúta?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Bàbá. Àwọn òṣìṣẹ́ ni. Orúkọ wọn ò sí níbì kankan."

Bàbá mi mi orí bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ará ilé ẹ̀. Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n rìn lọ síbi ògiri náà, wọ́n fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ kàn án, ọwọ́ wọn ò sì kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ìbọ̀sẹ̀ jáde nínú àpò. Wọ́n rọ okùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n fi ara wọn dí afẹ́fẹ́ òkun. Irin náà fì síwá, ó fì sẹ́yìn, ó dúró. Àwọn àlejò ti yí wa ká. Bàbá mi di ojú kan, wọ́n fi èkejì wo okùn láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Tààrà," wọ́n ní.

Wọ́n wá gbójú sókè sí ògiri náà, bí ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì ṣe ń gbójú sókè wo ẹni tó wà lórí pákó. "Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n ní.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Afinimọ̀nà náà rọra sún mọ́ mi. "Mà, ta ni bàbá yìí? Ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́," mo ní, mo sì gbé ohùn sókè kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lè gbọ́ mi. "Birikìlà ni wọ́n. Bàbá mi ni."

Orí mi wú. Mo fẹ́ kó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwọn èèyàn tú ká díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi ṣì kọjú sí ògiri, wọ́n ń ká okùn náà sára irin. Mo dúró lẹ́yìn wọn, kò jìnnà ju bí mo ṣe jìnnà sí wọn níjọ́ náà lọ́hùn-ún lọ.

"Bàbá," mo ní, "ẹ kú iṣẹ́ o."

"Òo! Ẹ ṣé o!" Wọn ò yíjú.

Ọwọ́ wọn wá dúró lórí okùn. Wọ́n yíjú, wọ́n rí i pé èmi ni. Wọ́n wò mí títí.

"O ṣé, ọmọ mi," wọ́n ní.

Wọ́n ká okùn náà tán, wọ́n dá a padà sínú ìbọ̀sẹ̀, a sì jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá bọ̀dá mi níbi tí wọ́n jókòó sí.